OSPF lórí switch: àwọn ìbéèrè tí kì í tán, àti ìdáhùn wọn

OSPF (Open Shortest Path First) ni ètò tí àwọn switch fi ń wá ọ̀nà tí packet máa gbà. Àwọn àṣẹ tó wà níbí jẹ́ ti Cisco IOS àti IOS-XE, sọ́fítíwià tí ẹ máa bá lórí switch Cisco tó ń jẹ́ Catalyst. Bí switch yín bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ lè yàtọ̀, àmọ́ òfin OSPF fúnra rẹ̀ ò yàtọ̀.

Kí ni OSPF ń ṣe gan-an?

Switch kọ̀ọ̀kan ń kéde ohun mẹ́ta fún àwọn yòókù: okùn tó wà lára rẹ̀, ẹni tó wà lódìkejì okùn náà, àti iye tó máa náni láti gba ibẹ̀ kọjá. Ìkéde yìí là ń pè ní LSA. Bí ìkéde bá ti kárí area (ẹgbẹ́ switch tó ń pín máàpù kan náà), gbogbo switch tó wà níbẹ̀ á ní máàpù kan náà lọ́wọ́. Kálukú á wá fi ìṣirò tí Edsger Dijkstra tẹ̀ jáde ní 1959 wá ọ̀nà tó dínwó jù lọ dé ibi gbogbo.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí RIP, ètò àtijọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nìyẹn. RIP ò ní máàpù. Ohun tí aládùúgbò bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́, kò sì lè ka router kọjá 15.

OSPF kì í gun TCP tàbí UDP. Nọ́ńbà tirẹ̀ nínú IP ni 89, àdírẹ́sì 224.0.0.5 àti 224.0.0.6 ló sì fi ń bá ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fi access-list sójú port, tó wá gbàgbé `permit ospf any any`, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò rẹ̀ nìyẹn. OSPFv2 ni ti IPv4, RFC 2328 ti ọdún 1998 ló ṣàlàyé rẹ̀. OSPFv3 tí a ń lò fún IPv6 wà nínú RFC 5340 ti ọdún 2008. OSPFv2 nìkan ni ọ̀rọ̀ wa níbí.

Ṣé gbogbo switch ló lè ṣe OSPF?

Rárá. Switch tí kò mọ̀ ju layer 2 lọ (tó ń wo àdírẹ́sì MAC nìkan) ò lè ṣe é. Layer 3 (tó mọ ọ̀nà IP) ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ìwé àṣẹ sọ́fítíwià tó wà lórí rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ fàyè gbà á. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó san owó.

Àṣẹ àkọ́kọ́ ni `ip routing`, nítorí ó wà ní pípa lórí ọ̀pọ̀ Catalyst. Bí ẹ bá tẹ `show ip route` tí ẹ rí «Default gateway is not set» dípò àkọsílẹ̀ ọ̀nà, a ò tíì tan routing rárá nìyẹn. Lórí àwọn 3560 àti 3750 àtijọ́, bí ọ̀nà bá pọ̀, ẹ tẹ `sdm prefer routing`, kí ẹ sì tún switch bẹ̀rẹ̀, kí ó lè pín ààyè púpọ̀ sí i fún ọ̀nà nínú mẹ́mórì rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: bí `ip routing` bá ti tàn, `ip default-gateway` ò ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn lẹ ti wọlé sórí switch náà, ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé lè pa mọ́ yín lójú. Ẹ tẹ `reload in 10` kí ẹ tó ṣe é. Bí nǹkan bá yiwọ́, switch á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú ohun tí ẹ ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀. Bó bá lọ dáadáa, ẹ tẹ `reload cancel`.

Kí ni kí n lò láàárín switch méjì: routed port ni àbí SVI?

Routed port, ìyẹn port tó ní àdírẹ́sì IP tirẹ̀. Ẹ tẹ `no switchport`, ẹ fún un ní àdírẹ́sì /31 tàbí /30, ó parí. Bí okùn bá já, interface á wó lójú ẹsẹ̀, OSPF á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ náà.

SVI (interface tó ń dúró fún odindi VLAN, bíi `Vlan20`) ò rí bẹ́ẹ̀. Bí VLAN náà bá ṣì wà lórí port mìíràn tó dúró dáadáa, pàápàá trunk (port tó ń gbé VLAN púpọ̀), SVI ò ní wó. OSPF á máa rò pé aládùúgbò ṣì wà títí ìṣẹ́jú àáyá 40 á fi pé. Láàárín àkókò yẹn, ọ̀nà tó ti kú ni yóò máa da packet sí. Ẹ fi SVI sílẹ̀ fún VLAN àwọn òṣìṣẹ́, kámẹ́rà àti fóònù.

Àṣẹ wo ló kéré jù tí màá fi bẹ̀rẹ̀?

```
ip routing
router ospf 1
 router-id 10.255.0.1
 auto-cost reference-bandwidth 100000
 passive-interface default
 no passive-interface TenGigabitEthernet1/1/1
interface Loopback0
 ip address 10.255.0.1 255.255.255.255
 ip ospf 1 area 0
interface TenGigabitEthernet1/1/1
 no switchport
 ip address 10.0.12.0 255.255.255.254
 ip ospf network point-to-point
 ip ospf 1 area 0
interface Vlan20
 ip address 10.20.0.1 255.255.255.0
 ip ospf 1 area 0
```

Lódìkejì, àdírẹ́sì okùn á di 10.0.12.1, router-id náà á yàtọ̀. Nọ́ńbà 1 tó wà lẹ́yìn `router ospf` ò kan ẹnikẹ́ni lóde switch yẹn. Ẹ̀yin lè lo 1, kí ẹnìkejì lo 77. Nọ́ńbà area ló gbọ́dọ̀ bára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `show ip ospf neighbor`. Lórí okùn point-to-point, ohun tó yẹ kí ẹ rí ni `FULL/  -`. Bí ẹ bá rí nǹkan mìíràn, ẹ ka ìsàlẹ̀.

Ẹ ó rí i pé mẹ́rin nínú àwọn àṣẹ wọ̀nyẹn jẹ́ ohun tí OSPF lè bá yín yàn fúnra rẹ̀: router-id, reference-bandwidth, passive-interface, àti network point-to-point. Ibẹ̀ gan-an ni ìjọ̀gbọ̀n ti ń wá. Ayé okùn 10 Mbps àti hub ni wọ́n fọkàn sí nígbà tí wọ́n ń ṣètò ohun tó máa ń yàn.

Ṣé `network` ni kí n lò, àbí `ip ospf 1 area 0` lórí interface?

Èyí tó wà lórí interface. Ẹni tó bá ṣí interface wò á rí i lójú kan náà pé OSPF wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé `network` ń sọ ohun tí switch máa kéde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni interface tí OSPF máa wọ̀: èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà tí ẹ kọ. Wildcard ló sì ń lò, ẹ yọ mask kúrò nínú 255 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: 255.255.255.0 á di 0.0.0.255. Ẹ má ṣe kọ `network 0.0.0.0 255.255.255.255 area 0` nítorí pé ó yá. Interface tí ẹlòmíì bá fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀ á wọ inú OSPF láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní in lọ́kàn.

Báwo ni switch ṣe ń yan router-id?

Èyí tí ẹ kọ ló kọ́kọ́ ń wò. Bí kò bá sí, á mú àdírẹ́sì tó ga jù lórí loopback (interface inú switch tí kò ní okùn). Bí kò bá sí loopback, á mú èyí tó ga jù lára àwọn interface tó wà lójú iṣẹ́. Bó bá ti mú un, ó mú un nìyẹn: kò ní yí i padà àfi tí ẹ bá tẹ `clear ip ospf process` tàbí tí ẹ tún switch bẹ̀rẹ̀. `clear` yẹn ń já gbogbo aládùúgbò dànù, nítorí náà ẹ má ṣe é lọ́sàn-án gangan.

Wàhálà tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn da config switch kan kọ sórí òmíràn, kí ó yí àdírẹ́sì padà, kí ó wá fi router-id sílẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá fara kanra, wọn ò ní di aládùúgbò, ẹ ó sì rí `%OSPF-4-DUP_RTRID_NBR` nínú log. Bí wọ́n bá jìnnà síra nínú area kan náà, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: kálukú á máa sọ pé LSA tí ẹnìkejì kọ kì í ṣe tòun, á tún un kọ, ọ̀nà á sì máa wá, á máa lọ, láìdáwọ́ dúró.

Kí ni `passive-interface` ń ṣe? Ṣé kò ní pa VLAN mi mọ́?

Kò ní pa á mọ́. Switch á ṣì máa kéde subnet náà fún gbogbo ayé. Hello (ìkíni tí OSPF fi ń wá aládùúgbò) nìkan ni kò ní máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀, kò sì ní gba aládùúgbò kankan níbẹ̀.

Ó yẹ kí gbogbo VLAN tí èèyàn ń fi kọ̀ǹpútà sí jẹ́ passive. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní laptop tí FRR (sọ́fítíwià tó ń ṣe OSPF) wà lórí rẹ̀ lè di aládùúgbò switch yín, kí ó sì kéde ọ̀nà irọ́ fún gbogbo ilé iṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `passive-interface default`, tí a sì ń ṣí èyí tó yẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí ẹ bá fi okùn tuntun sí láàárín switch méjì tí aládùúgbò ò yọjú, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Kí ló dé tí 1G àti 10G fi ní owó (cost) kan náà?

Nítorí pé 100 Mbps ni OSPF ti Cisco fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ó ń fi bandwidth okùn pín 100 Mbps, kò sì lè lọ sílẹ̀ ju 1 lọ. Okùn 100 Mbps jẹ́ 1, 1G jẹ́ 1, 10G náà jẹ́ 1. Switch á wá pín packet sórí 1G àti 10G lọ́gbọọgba, èyí tó kéré á kún àkúnya, èyí tó tóbi á máa ṣeré.

Pẹ̀lú `auto-cost reference-bandwidth 100000`, 100G á jẹ́ 1, 10G á jẹ́ 10, 1G á jẹ́ 100, 100 Mbps á jẹ́ 1000. Gbogbo switch lẹ gbọ́dọ̀ ṣe é fún. Bí ẹ bá ṣe ìdajì, ẹ kúkú fi í sílẹ̀, torí ọ̀nà àlọ á yàtọ̀ sí ọ̀nà àbọ̀, firewall tó bá wà láàárín á sì bẹ̀rẹ̀ sí já ìpè dànù.

SVI ní ẹ̀tàn tirẹ̀. 1G ni bandwidth rẹ̀, ìbáà jẹ́ port 10G ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń gba SVI kọjá lọ sí switch mìíràn, ẹ fọwọ́ kọ `ip ospf cost 10` sí i.

Kí ni DR àti BDR? Ṣé mo nílò wọn?

Bí switch púpọ̀ bá pàdé lórí VLAN kan, gbogbo wọn ò lè máa bá gbogbo wọn pàṣípààrọ̀ máàpù. Ariwo á pọ̀ jù. Wọ́n á yan alága kan, DR, àti igbákejì rẹ̀, BDR. Ẹni tí priority rẹ̀ ga jù ló ń wọlé. 1 ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dọ́gba, router-id tó ga jù ló ń borí. Priority 0 kì í dupò rárá.

Ẹni tó bá ti wà lórí àga kì í dìde fún ẹni tó dé lẹ́yìn, bó ti wù kí priority onítọ̀hún ga tó. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tó bá tètè jí lẹ́yìn tí iná dé ló lè di DR. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí switch kékeré inú yàrá ẹ̀yìn di alága, 0 ni kí ẹ fún un. Àwọn tí kò sí lórí àga á sì máa fara hàn síra wọn bíi `2WAY/DROTHER`. Kò sóhun tó ṣe wọ́n, ẹ má wulẹ̀ tún un ṣe.

Okùn tó so switch méjì péré ò nílò ìdìbò kankan. `ip ospf network point-to-point` lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì á mú DR kúrò, á mú ìdúró ìṣẹ́jú àáyá 40 ti ìdìbò kúrò, á sì mú LSA type 2 kúrò nínú máàpù.

Aládùúgbò kò yọjú rárá. Kí ni kí n wò?

Ping àdírẹ́sì òdìkejì kọ́kọ́. Bí ping ò bá lọ, ẹ̀bi OSPF kọ́. Bó bá lọ, ẹ tẹ `show ip ospf interface` lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n wéra: nọ́ńbà area, hello àti dead (àkókò láàárín ìkíni, àti àkókò tí a ó fi ka aládùúgbò sí òkú), irú authentication, àti bóyá ẹ̀gbẹ́ kan pe area náà ní stub (area tí kì í gba ọ̀nà ìta) kí èkejì má pè é bẹ́ẹ̀. Lórí VLAN tó jẹ́ broadcast, subnet mask náà gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ tún wò ó bóyá interface náà jẹ́ passive. OSPF kì í sì fi àdírẹ́sì secondary ṣe aládùúgbò.

`debug ip ospf hello` ń sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ lè rí `Dead R 40 C 120, Hello R 10 C 30`. R ni ohun tó gbà láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, C ni ohun tí ẹ fúnra yín kọ. Níbí, ẹnìkan ti fi timer 30 àti 120 sórí switch yín. Ẹ tẹ `undebug all` tí ẹ bá ti rí i.

Bí aládùúgbò bá dúró sí `INIT`, ẹ̀ ń gbọ́ hello rẹ̀, àmọ́ òun ò gbọ́ tiyín. Access-list ló sábà máa ń fà á, tàbí fiber tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bàjẹ́.

Ó dúró sí EXSTART tàbí EXCHANGE, kò kúrò níbẹ̀.

MTU (ìwọ̀n packet tó tóbi jù tí interface gbà) ni, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan wà lórí 1500, èkejì wà lórí 9000. Hello kéré, ó ń kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí ara wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ pàṣípààrọ̀ àkójọ máàpù, wọ́n ń kọ MTU wọn sínú packet náà, ẹni tí tirẹ̀ kéré á kọ̀ láti gba ti ẹni tí tirẹ̀ pọ̀.

Ẹ tún MTU ṣe kí ó dọ́gba. Àwọn kan á ní kí ẹ tẹ `ip ospf mtu-ignore` kí ẹ máa lọ; FULL á dé lóòótọ́, àmọ́ àrùn náà ò lọ. Bí máàpù bá tóbi sí i, packet tó ju 1500 lọ á sọnù lójú ọ̀nà, aládùúgbò á dúró sí `LOADING`, ẹni tó fi àṣẹ yẹn síbẹ̀ sì ti lè kúrò níbi iṣẹ́ nígbà náà. `ping 10.0.12.1 size 9000 df-bit` á fi hàn yín bóyá okùn gbà á.

Bí MTU bá dọ́gba tí ó ṣì dúró síbẹ̀, ẹ wo router-id tó jọra, lẹ́yìn náà ẹ wo access-list tó gba multicast ṣùgbọ́n tí kò gba unicast.

FULL ni mo rí, àmọ́ kò sí ọ̀nà kankan nínú `show ip route ospf`.

Ẹ wo irú network lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ point-to-point tí èkejì jẹ́ broadcast, timer wọn bára mu ní 10 àti 40, nítorí náà wọ́n á dé FULL láìsí àròyé. Àmọ́ ọ̀kan ń ya okùn náà bíi ìlà tààrà, èkejì ń yà á bíi pápá tó ní DR. Máàpù ò parapọ̀, Dijkstra ò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Nínú `show ip ospf database router`, ẹ ó rí «Adv Router is not-reachable». Àṣìṣe yìí ń gba àkókò àwọn ọ̀gá pàápàá, torí `FULL` ti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Area mélòó ni kí n dá sílẹ̀?

Ọ̀kan, area 0, àfi tí ẹ bá ní ìdí gidi. Ìdí gidi ni pé ẹ fẹ́ pa ọ̀nà púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan, tàbí pé àwọn switch kékeré kan ò ní ààyè fún gbogbo ọ̀nà.

Bí ẹ bá dá area 10, ó gbọ́dọ̀ fara kan area 0. Switch tó wà lójú ààlà ni ABR, òun ló lè pa ọ̀nà pọ̀ pẹ̀lú `area 10 range 10.10.0.0 255.255.0.0`. Èyí á wúlò bí ẹ bá ti pín àdírẹ́sì létòlétò láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún switch kékeré, ẹ kọ `area 10 stub` sórí gbogbo ẹni tó wà nínú area náà, kí ẹ fi `no-summary` kún ti ABR nìkan. Ọ̀nà default kan ni àwọn tó wà nínú á gbà dípò ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Virtual-link wà fún ìgbà tí area kan bá jìnnà sí 0. Báńdéèjì ni, ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń fi ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kéde fún gbogbo switch?

Lórí èyí tó so mọ́ firewall, ẹ kọ ọ̀nà static `0.0.0.0/0`, kí ẹ wá tẹ `default-information originate` lábẹ́ OSPF. Bí ọ̀nà static yẹn bá kúrò, ìkéde náà á kúrò. Bí ẹ bá fi `always` sí i, á máa kéde yálà ọ̀nà wà tàbí kò sí. Bí ẹ bá ní ẹnu ọ̀nà méjì sí íntánẹ́ẹ̀tì, `always` á máa pe packet síbi tó ti kú nígbà tí èkejì ṣì wà láàyè.

Irú E2 ni ìkéde yìí ń jẹ́, owó rẹ̀ kì í pọ̀ sí i bó ti wù kó rìn jìnnà tó. Ibi tí owó ìkéde bá dọ́gba nìkan ni switch ti ń wo ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó inú ilé wọ ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi `metric-type 1` kún un.

Mo fi password sí i, aládùúgbò lọ.

Ó gbọ́dọ̀ lọ títí òdìkejì á fi ní èyí tó bára mu: irú kan náà, nọ́ńbà key kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ààyè òfo tó bá wà lẹ́yìn password nígbà tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn wà lára password. Kò hàn lójú, àmọ́ switch ń kà á.

Láti pààrọ̀ MD5 láìjá ẹnikẹ́ni, ẹ fi key 2 kún key 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Switch á máa fi méjèèjì ránṣẹ́ títí aládùúgbò á fi ní key 2. Ẹ fi í sí òdìkejì, kí ẹ wá yọ key 1. Bí sọ́fítíwià yín bá gbà á, ẹ lo HMAC-SHA tó wà nínú RFC 5709 dípò MD5.

Ìṣẹ́jú àáyá 40 ti pọ̀ jù. Ṣé kí n dín hello kù?

Bí fiber bá lọ tààrà láti port sí port, kò sí 40 kankan; interface á wó, ọ̀rọ̀ parí. Ibi tí 40 ti ń dunni ni ibi tí media converter tàbí switch layer 2 bá wà láàárín.

Ẹ lo BFD (ètò tó ń yára yẹ okùn wò léraléra) níbẹ̀: `bfd interval 300 min_rx 300 multiplier 3` àti `ip ospf bfd` lórí interface méjèèjì. Á mọ̀ láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 900. Hello 1 àti dead 3 lè já aládùúgbò dànù bí CPU bá kàn há díẹ̀, tàbí bí ọ̀gá inú stack bá yí padà.

Mo fẹ́ pa switch kan fún àtúnṣe. Báwo ni mo ṣe lè kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀ kọ́kọ́?

Ẹ tẹ `max-metric router-lsa` lábẹ́ `router ospf 1`. Switch náà á kéde owó 65535 sórí àwọn okùn rẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn á gba ibẹ̀, àmọ́ VLAN tó wà lórí switch náà fúnra rẹ̀ á ṣì ṣeé dé. Ẹ wo `show interfaces` títí iye packet á fi lọ sílẹ̀ kí ẹ tó pa á.

Fún ìgbà tó bá ń jí padà, ẹ fi `max-metric router-lsa on-startup 300` sílẹ̀ nínú config. Ìṣẹ́jú 5 yẹn á jẹ́ kí BGP (ètò ọ̀nà mìíràn, bó bá wà lórí rẹ̀) àti àwọn VLAN rẹ̀ dìde tán kí ẹrù ẹlòmíì tó dé bá a.